Ibi Tí Bátìrì Gbé Ajẹméjì Dé

Bí ẹ bá gba Ilare kọjá lọ́dún 1994, tẹ́ ẹ rí ọkùnrin kan tó ń gbá mọ́tò létí bí ẹni ń gbá ọmọ tó jí ẹran inú ọbẹ̀ jẹ, Adéagbo ríwáyà ni. Ẹ má bi í ní nǹkan kan. Inú ń bí i.

Ọdún yẹn ni epo mọ́tò wọ́n bí ojú. Àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀, ilé epo wá di orí òkè àdúrà. Èèyàn á gbé kẹ́ẹ̀gì lọ, á sùn síbẹ̀ ọjọ́ méjì, á tún gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà wálé pẹ̀lú ìgbàgbọ́.

Adéagbo ò kàwé lọ títí. Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ni ìwé bá a dé, ìwé ní kó máa lọ, ó ti rẹ òun. Ṣùgbọ́n tó bá dọ̀rọ̀ wáyà, wáyà ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu ju bí ìyàwó ṣe ń gbọ́ ti ọkọ lọ. Ó ní ṣẹ́ẹ̀dì páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Baba Awóníyì, níbi tó ti ń tún wáyà mọ́tò ṣe, tó sì ń ṣájì bátìrì nígbà tí iná bá wà. Inú ṣẹ́ẹ̀dì yẹn ló kó mọ́tò ìjàpá kan sí, èyí tí ẹni tó ni ín ti pa tì débi pé adìẹ ń yé ẹyin sórí àga ọlọ́kọ̀. Adéagbo lé adìẹ. Ó lọ wá mótà iná kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù, ó dè é mọ́ búùtù iwájú, ó fi ṣéènì so ó mọ́ táyà. Ó to bátìrì tírélà méjì sábẹ́ àga ẹ̀yìn, ó to méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mótà. Bí epo bá wà, ẹ́ńjìnnì á máa ti mọ́tò náà lẹ́yìn. Bí epo ò bá sí, bátìrì á máa fà á níwájú. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ajẹméjì, torí ó ń jẹ epo, ó ń jẹ iná, kò sì jẹ ẹyin adìẹ kankan ní tiẹ̀, Adéagbo ló jẹ ẹ́.

Ajẹméjì yìí ló gbé Dókítà Oyèkúnlé dé inú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ Yunifásítì níṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Ó gbé bátìrì mọ́tò ẹ̀ wá ṣájì lọ́jọ́ kan, ó rí Ajẹméjì, ó sì gbàgbé bátìrì tó gbé wá.

"Adéagbo, ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi náà ni, sà."

"Ó mà ga o! Mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé àwọn òyìnbó àtàwọn ará Japan ń gbèrò irú ẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ká ní epo tán pátápátá, tó jẹ́ bátìrì nìkan, báwo ló ṣe lè gbé e jìnnà tó?"

"Á gbé e dé ibi tó bá wù yín, sà."

"Ibi tó wù mí kì í ṣe òṣùwọ̀n, Adéagbo."

Dókítà wá sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Àyè tẹkiníṣàn kan ṣí sílẹ̀ ní wọ́kiṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn ará ọ́fíìsì ń bèèrè sátífíkéètì, Adéagbo ò sì ní ju káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ. Ṣùgbọ́n tí mọ́tò yìí bá gbéra ní Ilare, tó fi bátìrì nìkan dé géètì Yunifásítì, Dókítà máa kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá àgbà wọ́kiṣọ́ọ̀bù á fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa tún bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀.

"Fúráìdè," ni Dókítà wí. "Kó tó di aago mẹ́wàá. Mo máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí géètì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tì í o."

Ẹ wo Adéagbo ńbẹ̀. Iṣẹ́ tó ní òrùlé, tó ní ilẹ̀kùn! Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe kékeré. Ìyá Mojíre, ìyá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ọmọ òun ò ní fẹ́ ẹni tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Adéagbo ti gbìyànjú láti kan ilẹ̀kùn mọ́ ṣẹ́ẹ̀dì náà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ṣẹ́ẹ̀dì bá ilẹ̀kùn lọ nígbà tí atẹ́gùn fẹ́.

Kò kàn jókòó tẹtẹrẹ. Ní Ọjọ́rú, nígbà tí àkùkọ ń kọ, ó gbé Ajẹméjì jáde láti dán an wò. Ó gba Ẹnuwá, ó gba Ìrémọ, ó gba Lágere, ó kọjá Mayfair, ó dé géètì Yunifásítì, ó yí padà, bátìrì sì gbé e padà dé Lágere kó tó rẹ̀ ẹ́. Adéagbo jó níbẹ̀. Ó ní bátìrì òun dé, ó tún ní èènì! Kò rí ẹ̀dá kankan lójú ọ̀nà láàárọ̀ yẹn àfi ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kì í kí èèyàn, kì í sì í retí kéèyàn kí òun. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

Nǹkan méjì ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa Ajẹméjì. Àkọ́kọ́, gílóòbù kékeré kan wà níwájú ọlọ́kọ̀. Bí bátìrì bá kún, gílóòbù á funfun bí eyín ọmọdé. Bó bá ń rẹ̀ ẹ́, á pọ́n bí epo pupa. Bó bá ti dà bí ojú sìgá, kó o wá bàtà ẹ. Ìkejì, ohun tó ń pa bátìrì kì í ṣe ìrìn, ìgbéra ni. Bí mọ́tò bá ti dúró, ohun tó máa jẹ kó tó tún gbéra tó ohun tí ì bá fi rin ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀. Adéagbo mọ èyí dáadáa. Kò kàn ronú pé òun máa dúró ni.

Fúráìdè dé. Dókítà ti wá fa epo inú táǹkì gbẹ lánàá, ó lẹ bébà mọ́ ẹnu táǹkì, ó sáìnì sórí ẹ̀. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, Adéagbo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, ó jókòó, gílóòbù funfun báláú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dé iwájú ilé Baba Awóníyì, baba tó ni ilẹ̀ tí ṣẹ́ẹ̀dì wà, ni ọ̀pá kan bá dìde lójú ọ̀nà.

"Adéagbo!"

Ó tẹ bíréèkì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà, Baba."

"Wọ́n ní o fẹ́ fi mọ́tò yìí lọ gba iṣẹ́. O ò wá kí n ṣàdúrà sí i?"

"Baba, mo ní tí mo bá dé ni, sà."

"Tó o bá dé? Ṣé ẹni tó ti dé ló ń gba àdúrà àlọ?"

Baba gbé ọwọ́ lé orí mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ rí mọ́tò nílẹ̀ Ifẹ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Adéagbo ń ṣe àmín bí ẹni tí ata ń ta lẹ́nu. Nígbà tí àdúrà dé ọdún tí wọ́n bí Adéagbo, Baba dúró.

"Ṣé fèrè ẹ̀ ń fọn?"

"Ó ń fọn, Baba."

"Mi ò gbọ́."

Adéagbo fọn fèrè. Pẹ́ẹ́!

"Iná ẹ̀ ńkọ́?"

"Baba, ilẹ̀ ti mọ́."

"Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ló yẹ kéèyàn yẹ iná wò. Tó bá di alẹ́, ó ti bọ́."

Adéagbo tan iná. Baba lọ síwájú, ó wò ó. Ó lọ sẹ́yìn, ó wò ó. Ó ní ọwọ́ tó ń nu ojú mọ́tò nígbà òjò ńkọ́? Adéagbo tẹ̀ ẹ́. Ó ń nù ú fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ láìsí òjò, Baba ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọwọ́. "Tún un ṣe! Tún un ṣe kí n rí i!" Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, gílóòbù tó funfun bí eyín ọmọdé ti di eyín ẹni tó fẹ́ràn obì.

"Máa lọ ire," ni Baba wí. "O ti ń pẹ́."

Adéagbo gbéra. Ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ lọ. Ó ní kò burú, ẹ̀ẹ̀kan náà ni, òun ò tún ní dúró mọ́. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mọ́tò ò dún, ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń lọ sẹ́yìn. Inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó dé Ẹnuwá, ta ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì? Ìyá Mojíre, pẹ̀lú àpò gaàrí tó tóbi tó ọmọ màlúù.

Àna ni o! Ẹni tó bá kọjá lára àna ẹ̀ nígbà tí takisí ò sí, tí àga òfìfo mẹ́ta wà nínú mọ́tò ẹ̀, kó kúkú lọ wá ìyàwó sí Sókótó. Adéagbo gbìyànjú láti wo apá kejì. Ojú ẹ̀ kọ̀, ó padà wá fúnra ẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ó sọ̀kalẹ̀, ó na gbalaja sórí ilẹ̀ tó ṣì tutù lẹ́yìn òjò àná. Ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ mu omi.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Adéagbo, ọmọ mi! Ọlọ́run ló rán ẹ. Láti aago méje ni mo ti wà níbí. Mayfair ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ṣé ọ̀nà ẹ nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ọ̀nà mi ni, mà."

Ó gbé gaàrí náà. Ó ṣe bí ẹni pé àpò ń gbé òun ni. Nígbà tó já a sẹ́yìn, Ajẹméjì kẹ́dùn, ó jókòó bí àgbà. Wọ́n gbéra, gílóòbù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

"Mọ́tò ẹ ò dún," ni Ìyá Mojíre wí. "Ṣé kò tíì kú?"

"Kò kú, mà. Bátìrì ló ń fà á. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Hùn-ùn. Ohun tó bá wà láàyè, ó máa ń dún o."

Wọ́n wọ Ìrémọ. Ọkùnrin kan wà láàárín títì gbọnrangandan, ó na agbòòrùn sórí, ó ń rìn bí ẹni tó ra ọ̀nà. Mọ́tò ò dún, báwo ló ṣe máa mọ̀? Adéagbo dín eré kù. Ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ọkùnrin náà yà sọ́tùn-ún. Ó fẹ́ yà sósì, òun náà yà sósì. Adéagbo fọn fèrè. Ọkùnrin náà yíjú, Adéagbo sì fẹ́ kú síbẹ̀. Tíṣà Àyànlọ́wọ̀ ni, tó kọ́ ọ ní ìṣirò ní Fọ́ọ̀mù mẹ́ta, tó sì fi pàṣán kọ orúkọ ara ẹ̀ sí i lẹ́yìn.

"Adéagbo! Ẹni tó gba òdo nínú ìdánwò, tó sọ pé ẹyin ni! Dúró níbẹ̀!"

Ó dúró. Ó tún sọ̀kalẹ̀. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Tíṣà ò bèèrè ibi tí wọ́n ń lọ, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó síwájú, ó pa agbòòrùn dé. Bí Adéagbo ṣe ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà fún un, ó yọ báírò jáde.

"Bátìrì mélòó? Ìwọ̀n kìlómítà mélòó? Èèyàn mélòó ló wà nínú ẹ̀? Ìyá yìí, ẹ má bínú, kí ni ìwọ̀n yín?"

"Ìwọ̀n ta ni?" ni Ìyá Mojíre dáhùn.

"Ẹ fi sílẹ̀, mo ti fojú díwọ̀n." Ó ń kọ ọ́ sára ọwọ́ ẹ̀. Ó kọ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó ń bá a lọ. Nígbà tó yá, ó mi orí. "Adéagbo, ìṣirò ò parọ́. Bátìrì yìí ti tán láti ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn."

"Ṣùgbọ́n a ṣì ń lọ, sà."

"Ìyẹn ni pé mọ́tò ẹ ò mọ ìṣirò. Ìwọ tó o ṣe é náà ò mọ̀ ọ́n."

Adéagbo fi eyín gé ètè. Aago mẹ́sàn-án ti lù. Gílóòbù ti di epo pupa, epo ọ̀hún gan-an, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí iná.

Lágere wá kúkú burú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ìlà mọ́tò tó ń retí epo ti kún títì dé àárín, àwọn ọlọ́kọ̀ tó ti sùn síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, ojú wọn pọ́n. Wọ́n rí mọ́tò kan tó gbé èèyàn mẹ́ta àti àpò gaàrí, tó ń lọ láìsí ariwo, láìsí èéfín. Ọ̀kan fò dìde.

"Ẹ dá a dúró! Ibo lo ti rí epo?"

"Mi ò lépo."

"Kí ló wá ń gbé e lọ, àdúrà?"

Wọ́n yí i ká. Ọkùnrin kan tó di bébà gígùn mú jáde, òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó wà lórí ìlà. Ó wo bébà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Orúkọ ẹ ò sí níbí."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò wá ra epo. Bátìrì ló ń fà á."

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ báyẹn kí wọ́n tó wọlé gba ẹ̀yìn." Ó rí bébà tó wà lẹ́nu táǹkì. "Ehn! Wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa! Ẹ ò rí i pé epo ibẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n fi ìwé tì í!"

Ẹnì kan fẹ́ já a. Adéagbo kígbe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já etí ẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, ó fi ìyá tó wà lẹ́yìn bẹ̀ wọ́n. Tíṣà Àyànlọ́wọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó fẹ́ fi ìṣirò yé wọn, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù, ó ń ka ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ sí wọn létí. Ìyẹn ló gbà wọ́n. Orí ń fọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, ṣùgbọ́n òfin ni òfin, Adéagbo gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà. Wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí igba ó lé mẹ́rìnlá kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà fún un.

Ní Mayfair, Ìyá Mojíre ní kó bá òun gbé gaàrí dé ẹnu ọ̀nà. Àbúrò ẹ̀ jáde, ó ń kí i, ó ń bèèrè ìyá ẹ̀, ó ń bèèrè àbúrò ẹ̀, ó ń bèèrè ẹni tó ti kú. Ó ní kó jókòó mu omi. Adéagbo mu omi lóròó, ó fẹ́ gbé ife mì. Tíṣà náà sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "O ṣé. Tó o bá débẹ̀, o jẹ́ kí n mọ̀, kí n lè mọ ibi tí ìṣirò ti ṣìnà."

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Gílóòbù ti di ojú sìgá.

Adéagbo padà sínú mọ́tò. Ó búra fún sitiárìn. Ó ní bí òun bá tún kí ẹnikẹ́ni láyé yìí, kí òun di kòkòrò. Ó fa fìlà bojú dé imú, ó yí gíláàsì sókè, ó wo iwájú. Àwọn èèyàn ń kí i. "Adéagbo!" Kò gbọ́. "Ríwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Kò gbọ́. Ìyá alákàrà kan ní, "Ah, ó ti rí iṣẹ́ ìjọba, kò mọ èèyàn mọ́!" Ó dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ajẹméjì ń wọ́ bí ìgbín tó jẹun yó. Ó rí géètì. Ó rí ìlà ṣọ́ọ̀kì funfun lórí ilẹ̀. Ó ku ogójì ìṣísẹ̀. Ó ku ogún. Ó ti rí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ti rí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ pàápàá.

Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Oyèkúnlé jáde láti ẹ̀yìn igi, inú ẹ̀ ń dùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Adéagbo! Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ kú àtàárọ̀!"

Àgbàlagbà ló kọ́kọ́ kí i. Àgbàlagbà ló ń kí ọmọdé, tó tún fi ẹ kún un! Ojú ti Adéagbo kó tó ronú. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ orí. Ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, ọwọ́ ṣílẹ̀kùn, àyà ti dé ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ má bínú sà!"

Ilẹ̀ ibẹ̀ ló wà tó fi rí i. Imú Ajẹméjì nìyí, ìlà ṣọ́ọ̀kì nìyẹn. Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá péré ló wà láàárín wọn. Ó dìde, ó padà sínú mọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́. Gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ó kú.

Adéagbo gbá a létí. Ó gbá a ní bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbá a ní táyà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló dùn. Dókítà yọ tépù jáde, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ó mà ṣe o. Kò dé ìlà."

"Sà, ẹ̀yin lẹ kí mi!"

"Mo mọ̀."

"Ká ní mi ò sọ̀kalẹ̀, mo ti dé, sà!"

"Ó dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ká ní o ò sọ̀kalẹ̀, tó o ń wò mí láti inú mọ́tò bí ọ̀gá mi, mi ò ní gbà ọ́ síṣẹ́. Ta ló ń gba ẹni tí ò mọ àgbà?"

Adéagbo wo òkè. Ó wo ilẹ̀. Kò rí ibi tó máa fi ojú sí. Dókítà náà rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò dáa. Ó ní, "Ìgbà mélòó lo dúró lọ́nà?"

Adéagbo ka ìdúró, ó ka ìdọ̀bálẹ̀, ó ka fèrè, ó tún ka iná àti ọwọ́ òjò. Dókítà kọ ọ́: *Bátìrì gbé e dé ìkíni mẹ́tàdínlógún.* Ó ní àwọn ará Japan ò mọ òṣùwọ̀n yìí. "Fúráìdè tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù o, torí Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa mú orúkọ."

Adéagbo ti mọ́tò padà sí Ilare. Ẹ ò bá gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń kí i. "Ẹ kú ìtì o!" "Ṣé ẹ dé ibẹ̀?" "Ṣé iṣẹ́ náà bọ́ sí i?" Ní Lágere, ọkùnrin tó di bébà mú ní, "Igba ó lé mẹ́rìnlá, mo rò pé o ò lo epo?" Gbogbo wọn ló dá lóhùn. Kí ló tún kù tí ìkíni máa pa?

Ọ̀sẹ̀ náà, ó ń ṣájì bátìrì, iná ń lọ, iná ń bọ̀. Ó kọ "Ẹ MÁ DÁ MI DÚRÓ" gàdàgbà sára gíláàsì iwájú. Baba Awóníyì dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ó ní kí ló kọ síbẹ̀, kó kà á fún òun. Adéagbo nù ún kúrò. Ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì, ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń wo Baba tó jókòó síwájú ilé tó ń rin orín.

Ìyá kan kọjá, ó kúnlẹ̀. Baba gbé ọwọ́ sókè, kò dìde. Ọkùnrin kan kọjá, ó dọ̀bálẹ̀. Baba gbé ọwọ́ sókè, orín ò kúrò lẹ́nu. Èèyàn mẹ́wàá kọjá. Àwọn ló dúró, àwọn ló tẹ̀, Baba ò ṣe ju ọwọ́ kan lọ.

Adéagbo fò dìde.

Fúráìdè kejì, Baba Awóníyì ló jókòó níwájú Ajẹméjì, pẹ̀lú agbádá, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú orín. Àdúrà ti parí láti alẹ́ àná, Adéagbo ló bẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbéra. Ní Ẹnuwá, àwọn èèyàn rí Baba, wọ́n tẹrí ba. Baba gbé ọwọ́ sókè, mọ́tò kọjá. Ní Ìrémọ, Tíṣà Àyànlọ́wọ̀ gbọ́ fèrè, ó yíjú, ó fẹ́ pariwo, ó rí irùngbọ̀n funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn. Mọ́tò kọjá. Ní Lágere, ọkùnrin bébà ṣí fìlà, gbogbo ìlà dìde lórí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ní "Ẹ kú ọ̀nà, Baba!" Mọ́tò kọjá. Dókítà ló wà ní géètì, ó gbé ọwọ́ sókè, ó rí Baba, òun náà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kóòtù. Adéagbo ò kí i o! Ó ń wakọ̀ fún àgbà ni. Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀, Ajẹméjì kọjá lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó lọ jìnnà díẹ̀ sí i, gílóòbù ṣẹ́jú, ó kú.

"Ó dé!" Dókítà dìde, ó ń gbọn eruku. "Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ, kó o wá!"

Adéagbo fò, ó bọ́, ó yí lórí ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Baba Awóníyì jókòó síbi tó wà. Ó dúró títí ariwo fi rọ̀.

"Ó dáa," ni Baba wí. "Ó yá, yí i padà. Ebi ń pa mí."

"Baba, bátìrì ti tán, sà."

"Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n wá ọ̀kadà fún yín, sà."

"Èmi? Ọ̀kadà? Kí agbádá mi máa fò bí àsíá? Adéagbo, ìwọ lo gbé mi wá. Wọ́n bi ọ́ ní ibi tó lè gbé e dé. Ṣé wọn ò bi ọ́ ní ibi tó máa gbé mi padà sí ni?"

Adéagbo wo Dókítà. Dókítà wo ìwé ẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi èjìká ti mọ́tò, ó fi ọwọ́ kan di sitiárìn mú láti ojú fèrèsé. Baba jókòó gbẹdẹmukẹ níwájú. Ojú ò kán an mọ́ báyìí, ẹni tó bá ti kí i, á ní, "Dúró, Adéagbo, jẹ́ kí n dá a lóhùn." Adéagbo á dúró. Lẹ́yìn náà á tún fi èjìká ti mọ́tò náà gbéra, òun náà sì ti wá mọ̀ ọ́n lára ara ẹ̀ pé ìgbéra ló ń pa èèyàn, kì í ṣe ìrìn.

Ní Mayfair, ó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ẹ̀. Ìyá Mojíre ló ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àbúrò ẹ̀. Ó dúró, ó wo Baba nínú mọ́tò, ó kúnlẹ̀ kí i. Ó wo Adéagbo tí òógùn bò, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Adéagbo, wọ́n fún ẹ níṣẹ́ ni?"

"Wọ́n fún mi, mà," ni Adéagbo wí. Kò tíì rí èémí tó máa fi sọ èyí tó kù.

Ìyá Mojíre wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó wo mọ́tò, ó mi orí.

"Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n fún ẹ náà rèé?"

Bàtà Adéagbo ti yọ lẹ́sẹ̀ kan. Ó fẹ́ ṣàlàyé, ó fẹ́ bú sẹ́kún, ó fẹ́ ti mọ́tò náà wọ inú kòtò pẹ̀lú Baba. Baba yọ orín lẹ́nu.

"Kí lò ń wò? Àna ẹ rèé. Dọ̀bálẹ̀ kí i."